Ara Ọmọ Ti Yá, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Parí: Ọ̀rọ̀ Lórí Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan sọ nílùú Ìbàdàn rèé. Òjò ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè wá, ni wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àwọn àwàdà tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òjò. Bí mo ṣe ń wọlé ni ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé jẹjẹrẹ ń mú ọmọdé? Àwa rò pé àìsàn àgbà ni." Mo ní kí wọ́n wá jókòó níwájú, torí ìbéèrè wọn ló máa gbé wa rìn lónìí.

Ó ń mú ọmọdé. Ti inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní lukímíà, ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọmọdé lágbàáyé. Ìdí tí a kì í fi í gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbí ni pé kì í yọ síta. Ẹ wo Burkitt, jẹjẹrẹ tó máa ń wú ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, èyí tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Ìyẹn ò ṣeé fi pamọ́. Bí ọmọ bá ti gba ojúde kọjá, aládùúgbò á béèrè ohun tó ṣe é. Lukímíà kì í wú lẹ́rẹ̀kẹ́. Aṣọ ibà ló máa ń wọ̀ wọlé.

Gbogbo wa tí a ti fa eegun ẹran mu rí la mọ mùdùnmúdùn. Inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló ń ṣe jáde lójoojúmọ́: pupa, tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú káàkiri ara, funfun, tó jẹ́ ọmọ ogun, àti àwọn wẹ́wẹ́ kan tó ń sáré lọ dí ojú ibi tó bá ya, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà nù. Nínú lukímíà, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn funfun tí kò tíì dàgbà ló máa ń ya ìyàkuyà. Kò ní gbó, kò ní kú, kò sì ní jáwọ́ nínú bíbí irú ara rẹ̀. Ó dà bí àlejò tó wọlé ẹni, tó ránṣẹ́ pe ẹbí, tí ẹbí tún pe àna, títí tí onílé fi wá ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ò ní láti há àmì àìsàn kankan sórí, ẹ ó kàn máa fi òye gbé e ni. Bí pupa ò bá ráyè, ojú ọmọ á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́, ọmọ tó ń sáré kiri á ní kí ẹ gbé òun pọ̀n. Bí àwọn wẹ́wẹ́ yẹn ò bá ráyè, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, ara á ní ojú ìlù láìsí ẹni tó lù ú, tàbí kí tóótòòtó pupa bí orí abẹ́rẹ́ sọ sí i lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ ogun gidi ò bá sí, ibà ò ní lọ. Bí inú eegun bá kún dẹ́nu, eegun á máa ro ọmọ, á máa tiro, pàápàá lóru. Kókó lè sọ lọ́rùn àti lábíyá, ikùn náà lè ga. Ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ló sọ àìsàn yìí ní lukímíà ní 1847. Èdè Gíríìkì ló fi sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ẹ̀jẹ̀ funfun lọ. Àwọn ọmọ ogun ọ̀hún pọ̀ bí eṣú, kò sì sí èyí tó mọ ìbọn yìn nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. N óò pè é ní Àkàndé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, láàárín ọdún méjì sí márùn-ún tí èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú lukímíà ọmọdé máa ń pọ̀ sí jù lọ. Orúnkún ló kọ́kọ́ sọ pé ó ń dun òun. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ lọ síléèwé. Ibà dé, wọ́n wo ibà. Ibà lọ, ó padà. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àgbo wọlé. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ìyẹn fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn ń gbóná nílùú yìí, ibà náà ló ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Ohun tó yẹ kó ta wá jí ni pé ó padà, ó tún padà.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ló kàn. Ẹnì kan tó ń ta oògùn lójú títì fún wọn ní oògùn pénpé funfun kan, ó ní kí wọ́n lò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, Àkàndé dìde, ó gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ilé ń dúpẹ́. Prednisolone ni oògùn náà. Òun àti ìbátan rẹ̀, dexamethasone, tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní dẹ́sà, wà lára oògùn tí àwa gan-an fi ń wo lukímíà. Wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì burúkú náà. Àmọ́ bí wọ́n bá dá wà, ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́, wọ́n á pa èyí tó rọ̀, wọ́n á fi èyí tó le sílẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yẹn, àrùn náà lè má hàn dáadáa mọ́, nígbà tó bá sì padà, á ti mọ oògùn wa lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ìdùnnú ọjọ́ kẹta yẹn gbà lọ́wọ́ Àkàndé. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yìí kì í ṣe ohun tí à ń rà fún ọmọ tí a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ yín ní dẹ́sà nítorí eegun tó ń ro ó.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn. Ìyá àgbà ò kàwé. Wọ́n ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ mu, wọ́n bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n fi tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ọmọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi ẹfun pa." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn nílé ìwòsàn. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa ara rẹ̀, jẹ́ 15, bẹ́ẹ̀ ọmọ bíi tirẹ̀ yẹ kó ní 33 sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Àyẹ̀wò tó kọ́kọ́ ń fura yìí ò le. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà lápá, wọ́n á ka iye sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ pa gíláàsì, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Èyí tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù ni ti mùdùnmúdùn, tí dókítà máa fi abẹ́rẹ́ gba eegun ìbàdí wọlé. Bàbá Àkàndé bi mí pé, "Bí ẹ bá fa mùdùnmúdùn ọmọ mi, kí ló máa kù fún un?" Ohun tí à ń fà kò kún ṣíbí ìmutíì kan, ara á sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn náà, wọ́n ní ó ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí la ń gún, inú omi tó wà níbẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Ìdí tí a fi ń gún un máa yé yín láìpẹ́.

Kí n tó kúrò lórí ohun tí àwọn èèyàn ń fi í pè: ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé fònìkú-fọ̀ladìde ni, torí eegun tó ń ro ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Ni wọ́n á bá lọ ra folic acid, oògùn róbótó aláwọ̀ ìyeyè yẹn tó wà nílé gbogbo ẹni tó bí ọmọ SS. Ọmọ ọ̀hún lè jẹ́ AA pọ́nńbélé o. Èmi kì í lè rí oògùn ìyeyè yẹn kí n má rántí Boston.

Ní 1947, dókítà kan wà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Sidney Farber. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ òkú àwọn ọmọdé wò, kó lè sọ ohun tó pa wọ́n. Nígbà náà, kò sí oògùn kankan fún lukímíà àwọn ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oṣù mélòó kan, ọmọ á lọ. Farber rí i pé àwọn ọmọ tó ń gba folic acid, ṣe ni àrùn wọn tún ń yára sí i, bí ẹni da epo síná. Ẹlòmíì á káwọ́ lérí, á lọ sílé. Farber yí ọ̀rọ̀ náà po: bí oúnjẹ yìí bá ń mú àrùn sanra, ẹ jẹ́ ká fi ayédèrú oúnjẹ tàn án jẹ. Ọmọ Íńdíà kan, Yellapragada Subbarow, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti ṣe irú ayédèrú bẹ́ẹ̀, aminopterin. Farber fún ọmọ 16 lóògùn náà, ara 10 nínú wọn sì yá, ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1948. Ọmọ tí kò lè dìde ń rìn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àrùn padà dé bá wọn. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi oògùn lé lukímíà àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Methotrexate, àbúrò aminopterin, la ṣì ń lò títí dòní, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń gba kímò, ìyẹn àwọn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ má fi folic acid kún oògùn rẹ̀ àfi tí dókítà bá ní kí ẹ fún un. Mo ti bá a nínú báàgì ìyá tó ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ lẹ́jẹ̀ lára, wọn ò mọ̀ pé ọ̀tá ni wọ́n ń bọ́.

Láti Boston, ẹ bá mi dé Memphis, ní Amẹ́ríkà náà. Ní 1962, ọkùnrin aláwàdà kan, Danny Thomas, ṣí ilé ìwòsàn ọmọdé kan tó ń jẹ́ St. Jude. Ìlú yẹn ṣì ń ya adúláwọ̀ sọ́tọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n nínú ilé ìwòsàn yẹn, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà ni. Nínú ọmọ 100 tó bá ní irú lukímíà tó wọ́pọ̀ jù, nǹkan bíi 4 péré ló ń yè é. Donald Pinkel, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn dókítà ibẹ̀, sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ kàn rí oṣù díẹ̀ sí i, òun fẹ́ kó yè. Ó kó àwọn oògùn pọ̀ dípò kó máa fún ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún rí ibi tí àrùn ń sá sí: inú ọpọlọ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún ọ̀pá ẹ̀yìn, kí oògùn lè bá a níbi tó sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó tó ìdajì àwọn ọmọ wọn tó ń yè kí ọdún 1970 tó dé. Iná ìtànṣán (radiation) tí wọ́n tún ń tàn sí ọpọlọ nígbà náà láti pa àrùn ibẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ àti ìdàgbàsókè àwọn mìíràn lọ́ṣẹ́, wọ́n sì ti fi abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Lónìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bíi 90 nínú 100 ló ń yè.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ ibi tí àwọn oògùn náà ti wá, pàápàá fún ẹ̀yin tíṣà. Obìnrin kan tí kò kàwé débi oyè PhD, Gertrude Elion, òun àti George Hitchings ló ṣe 6-MP, tí ọmọ máa ń lò lálaalẹ́. Ó ti wà lọ́jà láti 1953, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Vincristine ní tiẹ̀ wá láti ara òdòdó. Gbogbo yín lẹ ti rí i: òdòdó kékeré onípẹ́tà márùn-ún, funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn èèyàn ń gbìn síwájú ilé. Madagascar ló ti wá. Àwọn tó ń wá oògùn àtọ̀gbẹ nínú rẹ̀ ló ṣàdédé rí i pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù. Ní 1963 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vincristine. Mo rí i lójú àwọn ìyá kan níwájú yìí pé wọ́n ti ń ronú ìkòkò. Ẹ má sè é o! Májèlé ni. Òbítíbitì ewé gbígbẹ ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó rí oògùn tó kún orí abẹ́rẹ́, ìwọ̀n tí à ń fún ọmọ sì kéré débi pé bó bá fi díẹ̀ lé, ó lè pa á.

Ó kan ibi tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ la ń fi lé àrùn kúrò lójú táyé. Ọmọ á gba prednisolone tàbí dẹ́sà, vincristine, asparaginase, nígbà mìíràn daunorubicin, àti abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí oṣù kan bá pé, a ó yẹ mùdùnmúdùn wò, a ò ní rí nǹkan kan. Ọmọ á ti sanra lẹ́rẹ̀kẹ́, á máa pa àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù lẹ́rìn-ín. Òbí á ní ọpẹ́ ló yẹ Ọlọ́run, ara ọmọ ti yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.

Ẹni tó bá ti ro oko ẹ̀kan rí níbí yìí, kó nawọ́. Ẹ ṣeun, bàbá. Bí ẹ bá fi àdá ṣán ẹ̀kan lónìí, ilẹ̀ á mọ́ kedere, àlejò á kan sáárá sí yín. Àmọ́ ẹ̀yin mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì burúkú ara rẹ̀ lè tó 1,000,000,000,000. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí máíkírósíkóòpù ò rí nǹkan kan mọ́, ó ṣì lè ku 10,000,000,000 níbẹ̀. Àdá la fi ṣán an, a ò tíì fi ọkọ́ hú u. Híhú gbòǹgbò yẹn ló ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n lè ka ẹyọ sẹ́ẹ̀lì burúkú kan láàárín 10,000, ohun tí wọ́n bá sì kà ló ń sọ bí oògùn ṣe máa le tó.

Mo mọ ọmọdébìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ lópin oṣù àkọ́kọ́. Kì í ṣe òǹrorò. Ó ti ta ọ̀kadà tó fi ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ ti ta aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn, ọmọ méjì sì wà nílé tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ọmọ náà ń jó níwájú rẹ̀. Kí ló máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń ná owó sí? Mo dúró síbi géètì, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Sístà, ẹ wò ó, ṣé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá nìyí?" Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, wọ́n gbé e padà, ojú kan ti wọ́, ó ń bì, ó ní orí ń fọ́ òun. Àrùn ti wọ ọpọlọ. Oògùn tó lé e lọ lákọ̀ọ́kọ́ ò mì ín mọ́.

Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ ní 2018 pé àwọn fẹ́ kí ó kéré tán 60 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ máa yè káàkiri ayé títí di 2030, ohun tó fà á ni pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó ò tó, àwọn tó ń yè kò tó 30. Oògùn tí a ń lò kì í ṣe àdììtú, púpọ̀ nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Pípẹ́ dé ilé ìwòsàn ń pa wá, àìrówó ń pa wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ara ọmọ yá yẹn, òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù.

Ilé tí ọmọ bá wà nínú ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níbẹ̀. Prednisolone máa ń fa ebi. Aago méjì òru, Àkàndé á jí, á ní ẹ̀bà lòun fẹ́, kì í ṣe bíréèdì, ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó di àárọ̀, á figbe ta, á gbá àwo dànù. Kì í ṣe ìwà rẹ̀, oògùn ni. Bí wọ́n bá dá a dúró, á padà di ọmọ yín. Daunorubicin pupa fòò, ìtọ̀ ọmọ á sì pupa bí omi zobo lọ́jọ́ tó bá gbà á. Ìyá kan sáré wá bá mi pẹ̀lú póò lọ́wọ́, ó ti ń sunkún. A kì í rántí sọ fún wọn ṣáájú, ẹ̀bi wa nìyẹn. Irun á re, ẹnu lè bó, ìgbẹ́ lè gan. Gbogbo ìyẹn ló ń kọjá.

Èyí tí kì í dúró ni ibà. Kímò ń pa ọmọ ogun rere pọ̀ mọ́ ti burúkú. Bí ara ọmọ tó ń gba kímò bá gbóná dé 38, ẹ má fún un ní paracetamol kí ẹ máa dúró de àárọ̀. Ẹ gbé e wá lóru yẹn náà, kó gba abẹ́rẹ́. Láàárín wákàtí mélòó kan, kòkòrò tí ọmọ mìíràn á kàn fi sín lè gbé ọmọ wa lọ. Ẹ̀yin tíṣà, lukímíà kì í ràn. Ó lè bá àwọn yòókù jókòó, ó lè bá wọn jẹun. Òun lẹ ó máa dáàbò bò lọ́wọ́ wọn: bí èèyi bá ti wọ kíláàsì, ẹ pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá sì dé fìlà, ẹ fi fìlà náà sílẹ̀ fún un.

Wọ́n á ní ta ló ṣe é. Mo ti gbọ́ pé ìyá ọkọ ni, mo ti gbọ́ pé àbíkú ni, mo ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ jẹ ohun tí aboyún kì í jẹ. Ní England, Mel Greaves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wá ẹ̀jẹ̀ gígísẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ látìgbà tí wọ́n bí àwọn ọmọ kan tó wá ní lukímíà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wọ́n bá àṣìṣe náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan látọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Nígbà tí ara ń da ara rẹ̀ kọ nínú oyún ló ti ṣi lẹ́tà kan kọ, òmíràn tún ṣì lẹ́yìn náà. Kò sí ohun tí ìyá ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó wá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, a ó bá a ṣe àmín, kó ṣáà má gbé e kúrò níbẹ̀.

Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn kì í ṣe fún gbogbo ọmọ. Ẹni tí àrùn padà sí lára, tàbí tí tiẹ̀ le jù, ló wà fún. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti bá ọmọ náà mu. Bí kò bá sí, ó di ọwọ́ àjèjì, ibẹ̀ ló sì ti kan ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun. Nínú ìwé àwọn olùfúnni ní Amẹ́ríkà, àǹfààní aláwọ̀ funfun láti rí ẹni tó bá a mu jẹ́ 79 nínú 100. Ti adúláwọ̀ jẹ́ 29. Ọmọ dúdú kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Daniel De-Gale, ní lukímíà ní 1993, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò sí ẹni tó bá a mu. Àwọn òbí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ ACLT sílẹ̀ ní 1996, wọ́n ń lọ káàkiri bẹ àwọn èèyàn dúdú kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ní 1999, wọ́n rí obìnrin kan ní Detroit. Daniel gba mùdùnmúdùn rẹ̀, ó sì dàgbà, kó tó kú ní 2008. Ẹ pe àwọn ọmọ yín ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lálẹ́ òní. Òwú lásán ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Ìyá tó bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà tún nawọ́ níparí. Wọ́n ní ọmọ tó bá la èyí kọjá, ṣé ó lè bímọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ. Wọ́n tún bi mí nípa Àkàndé.

Mo mú ìwé kan dání wá nítorí rẹ̀. Ìwé iléèwé olójú-ewé ọgọ́rin lásán ni, èyí tó ní táìmùtébù lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ń fa igi kan sínú rẹ̀ lálaalẹ́ tó bá ti lo 6-MP, ó sì ń ya òdo lọ́jọ́ Ẹtì, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate, ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ fẹ́ pa ọmọ. Igi, igi, igi, igi, òdo. Ó kún ju ọdún méjì lọ. Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo, ó fi bírò pupa yí i ká: òkú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń sin ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà, ó sì gbàgbé oògùn sílé ní Ìbàdàn. Aago márùn-ún ìdájí ló pè mí, ó ń sunkún, ó ní ṣé kóun fún un ní méjì lọ́jọ́ kejì. Mo ní rárá, kó fún un ní ẹyọ tiẹ̀ lásìkò rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó mọ ìdí tí òun fi fi ọjọ́ kẹta ìsìnkú sílẹ̀, tí òun wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ padà.